Ẹ Má Tíì Wó O: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ilé Àtijọ́ Ìbàdàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

   Akọ̀wé wa ní ogún ìṣẹ́jú ni tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní kíláàsì mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú kò tó mi láti fi kí ènìyàn, ṣùgbọ́n n ó gbìyànjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè wá, tẹ́ ẹ wá ń ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ẹ̀yin lẹ ṣoríire jù, torí ẹ lè ṣí ojú ewé nígbà tí mo bá sú yín.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ o. Ilé tí a bá láyé ni mo ń wí: èyí tó wà ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní ìsàlẹ̀ Mápó, ní Ayéyé, ní Bẹ́yẹrúnká. Ilé alámọ̀ onípàánù tí àwọn baba ńlá wa fi owó kòkó àti owó òwò kọ́.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Poly, òun náà ni mo sì ń jẹ títí dòní. Iṣẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn jìnnà sí ìgboro. Bí mo bá ti gba Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba, mo máa ń rí i pé ilé kan tí mo mọ̀ láti kékeré ti di ilẹ̀ gbalasa. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, búlọ́ọ̀kù ti dé. Kó tó di oṣù mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn onírin, wọ́n ti ń ta bàtà àti káàdì fóònù. Kò sẹ́ni tó sunkún. Àwọn ọmọ ilé náà gan-an ló pe bíríkìlà.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń bú ìjọba, a sì mọ̀ ọ́n bú dáadáa. Katapílà ìjọba wó ilé lóòótọ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ ojú títì, a rí X pupa lára ògiri, a sì rí àwọn àgbàlagbà tó jókòó ti ẹrù wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n fún ilé kan tí ìjọba bá wó nítorí títì, àwa ọmọ onílé ló ń jẹ́ kí púpọ̀ sí i ṣubú láàárín ara wa, láìsí X, láìsí katapílà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gun òkè Mápó ná. Ọdún 1925 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí gbọ̀ngán yẹn. Ẹnjiníà òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Taffy Jones ló darí iṣẹ́ náà, ó sì parí ní 1929. Captain Ross, tí í ṣe Ajẹ́lẹ̀ nígbà náà, ló ṣí i. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 1829 ni ìtàn sọ pé àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó síbi tó wà yìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ni Mápó fi kẹ́yìn rẹ̀. Ìlú ti wà, ó ti jagun, ó ti ṣẹ́gun, ó ti jẹun yó, kí òpó gìrìwò tí òyìnbó gbé síbẹ̀ tó dúró.

Mo sọ èyí nítorí pé bí wọ́n bá ti ní kí á dárúkọ ilé ìtàn kan ní Ìbàdàn, Mápó ni gbogbo wa ń nàka sí. Kò burú. Mápó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ló jẹ́ kó ṣì wà. Òkúta rẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe ló gbà á là. Ibẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ láyé òyìnbó. Nígbà tí Adégòkè Adélabú di alága ìgbìmọ̀ ìlú ní 1954, orúkọ òun àti ti Mápó kì í ya ara wọn lẹ́nu ènìyàn. Gbọ̀ngán náà ti bàjẹ́ rí o, ẹ má jẹ́ ká purọ́, ká tó wá tún un ṣe nígbà tí Olóyè Rashidi Ládọjà jẹ́ gómìnà láàárín 2003 sí 2007. Lónìí, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n sì ń fi Olúbàdàn jẹ níbẹ̀. Ọba Lékan Balógun gbadé níbẹ̀ ní oṣù kẹta 2022, Ọba Ọlákùlẹ́hìn ní oṣù keje 2024. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, Ládọjà kan náà tí wọ́n tún ilé náà ṣe lásìkò rẹ̀ ló wá jókòó síbẹ̀ láti gbadé. Ta ló lè ní kí wọ́n wó irú ilé bẹ́ẹ̀? Ojoojúmọ́ la ń wá a lọ.

Ó dáa. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n kó wa lọ sí Láyípo ní Òkè Ààrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 fi ṣèrántí Captain Bower. A gun àtẹ̀gùn ayíbírí yẹn títí orí fi ń kọ́ wa. Nígbà tí a dé òkè, ohun tí a rí kì í ṣe Mápó nìkan. Òrùlé ni, òrùlé lórí òrùlé, pàánù tó ti dógùn-ún tó pọ́n bí epo, kò lópin. Ọ̀kan nínú wa ní ó dà bíi àkàrà tí wọ́n dà sórí àtẹ. Tíṣà wa rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ìbàdàn gan-an nìyẹn, ẹ wò ó dáadáa." N ò mọ ohun tó ń sọ nígbà náà.

Mo ti wá mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn kò dà bíi Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀ tí ààfin kan ṣoṣo wà láàárín ìlú, tí gbogbo ọba ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú jagunjagun ni wá. Ẹni tí oyè bá kàn, ilé ara rẹ̀ ni yóò ti ṣe é. Balógun Ìbíkúnlé wà ní Ayéyé, Ààrẹ Látòósà wà ní Òkè Ààrẹ, olúkúlùkù ló sì kó ẹbí àti ọmọ ogun rẹ̀ jọ yí ara rẹ̀ ká. Bí ó ti rí nìyẹn fún ìran lórí ìran. Àìpẹ́ yìí ni wọ́n tó kọ́ ààfin kan fún gbogbo Olúbàdàn sí Òkè Àrẹ̀mọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ààfin àtijọ́ Ìbàdàn, inú agboolé ni kó wọ̀. Nínú yàrá tí ìyá kan ti ń ṣa ẹ̀wà báyìí, tí ọmọ kan ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti jókòó ṣe ìpinnu ogun rí.

Ohun tó wá yàtọ̀ nìyí. Ní ìlú mìíràn, bí ààfin bá ń wó, gbogbo ìlú á dá owó jọ. Ní tiwa, ìtàn ìlú wà lọ́wọ́ ẹbí. Ilé ẹbí ni. Ohun tó bá sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹ mọ ẹni tó ń gbá a: kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, torí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa rò pé ilé alámọ̀ kan hù bí olú ni. Ẹ̀ẹ̀rùn niṣẹ́ náà. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà bí iyán. Wọ́n á wá mọ ìpele kan yí ká, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bo òrùlé láyé àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, tí òwò kòkó sì gbilẹ̀, pàánù gba ìlú. Ẹni tó lówó wá ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ wá sí Èkó ti mú iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn dé, ìyẹn òpó tó yípo, fèrèsé tó ṣe bí òṣùmàrè lókè, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya sára ògiri. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Ìbàdàn náà fi mú un lò. Ẹ wo irú ilé tí Adébísí Ìdíkàn kọ́, ẹ wo ti Sàlámì Àgbájé ní Ayéyé. Àmọ̀kòkò tiwa àti ògbóǹtarìgì Èkó ló pàdé lára ògiri kan náà.

Ẹ má gbàgbé Kúdẹtì náà o. Ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá fi ìdí kalẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú ìwé tí ìlú yìí kà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kó má baà dà bíi pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Agboolé wa wà ní Bẹ́yẹrúnká. Bàbá bàbá mi àgbà, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ló kọ́ ọ ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀, ó fi sìmẹ́ńtì ya ẹyẹ méjì sókè ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú ẹyẹ náà ti já lórí kí wọ́n tó bí mi. Ojú oórì méjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti bàbá náà àti ti ìyálé rẹ̀. A máa ń ta ayò lórí rẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó bá wa wí.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ní àárín òjò, ògiri ẹ̀yìn wó lóru. Ọlọ́run yọ wá, ewúrẹ́ kan ló kú. Bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn ṣèpàdé ẹbí ní Ìbàdàn rí, ẹ mọ̀ pé aago mẹ́wàá túmọ̀ sí aago kan.

Ẹnì kan dìde, ó ní kí á wó gbogbo rẹ̀, kí á fi iwájú kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kejì ní kí á tà á kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Ìbátan wa kan tó wà ní London ń gbọ́ wa lórí fóònù, wọ́n gbé e sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ ń dún jáde: "Ẹ wó nǹkan yẹn jàre, n ó fowó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́." Mo bi í pé ilé tí òun ń gbé lọ́hùn-ún ńkọ́, ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láyé Ọbabìnrin Victoria ni. Ẹ ṣírò ìyẹn náà: Victoria wàjà ní 1901, ọdún tí rélùwéè wọ Ìbàdàn, kó tó di pé bàbá wa rí owó kòkó kọ́lé. Ilé London ju tiwa lọ lọ́jọ́ orí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun kò lè yí fèrèsé iwájú padà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù, nítorí àdúgbò tí wọ́n dá àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀ sí ni. Ó ń san owó gọbọi láti gbé inú ilé àtijọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì fẹ́ fowó ránṣẹ́ kí wọ́n wó ti bàbá rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan, mo mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀ nínú gbọ̀ngán yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni àǹtí bàbá mi kan tó ń gbé ilé náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo ìtàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bódìjà, ẹ̀yin lẹ̀ ń sun ibẹ̀ ni? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà? Bí òjò bá ti ṣú, ẹ mọ iye bàsíà tí mò ń tò?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Òótọ́ ni màmá ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí á dá ilé àtijọ́ sí, tí kò dáhùn ìbéèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń ṣeré ni. A kì í fi àgbàlagbà ṣe ohun ìṣeǹbáyé kí àlejò lè wá ya fọ́tò.

Ohun tó fòpin sí ìpàdé ọjọ́ náà ni ojú oórì. Ọmọ ìyá kan ṣáà béèrè pé bí a bá wó ilé, ibo ni ká gbé Bàbá àti Ìyá sí, abẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà? Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn. Alága ní ká lọ ronú. Ẹ̀yin ará, bí mo ti rí i, òkú tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dá ilé sí ní Ìbàdàn ju òfin lọ.

Nígbà tí a sì ń ronú lọ́wọ́, a mú bíríkìlà àgbàlagbà kan wá wo ibi tó wó. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀, ó ń fi ìka kan ògiri tó kù ni. Ibì kan ń dún gbọ̀n-ìn bí igbá òfìfo. Ó ní, "Ta ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ?" A ní ó ti pẹ́, ẹni tó fẹ́ kí ilé dára ni. Ó mi orí. Ó wá ṣàlàyé fún wa, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo yín gbọ́ ọ. Ògiri amọ̀ máa ń mí. Omi máa ń gun un láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́ padà. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi tó wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Lójú, ilé ń dán. Nínú, amọ̀ ń padà di ẹrẹ̀. Bí pàánù bá tún wá lu, tí omi ń kán sórí ògiri láti òkè, ó parí nìyẹn. Àwọn ìyá wa àtijọ́ tí wọ́n ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù para ilé lọ́dọọdún kì í ṣe òpè. Wọ́n ń tún un ṣe kó tó bàjẹ́ ni. Àwa fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ká gbàgbé ẹ̀.

Bàbá náà ní ògiri iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ kò ní nǹkan kan. Kí á há sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ kúrò, kí á fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà, kí á pààrọ̀ pàánù, kí á la gọ́tà kí omi má baà máa ta sí ẹsẹ̀ ògiri. Apá ẹ̀yìn tó wó, ó ní kí á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, kí á fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná tó dáa síbẹ̀. Àǹtí bàbá mi, tí wọ́n dúró lẹ́yìn wa, ní, "Ẹ rí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin lọ́yà wa á ti máa sọ ní ọkàn yín pé òfin wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kejìdínlọ́gọ́rin dín kan, ìyẹn Decree 77 ti ọdún 1979, ló dá àjọ tó ń rí sí ilé ìṣeǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Ilojo Bar ní Tinubu Square, l'Ékòó. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Àgùdà. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ ò rí i, kò sí ìdáàbòbò tó ju ìyẹn lọ nínú ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé ẹbí ni òun náà. Ọgọ́ta ọdún ló fi ní àkọlé lórí, ṣùgbọ́n àkọlé kì í pààrọ̀ pàánù, kì í sì í sanwó bíríkìlà.

Òfin tó sún mọ́ wa jù ni ti ilé ẹbí. Ẹnì kan kò lè dá ilé ẹbí tà kí olórí ẹbí má mọ̀ sí i. Bó bá tà á, kóòtù lè fagi lé e. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ èyí kó tó di pé àwọn ajagungbalẹ̀ sọ ọ́ fún wọn lọ́nà tiwọn. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀. Mógàjí ni olórí agboolé, láti ibẹ̀ ni ènìyàn sì ti ń bọ́ sórí àkàsọ̀ oyè, ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun, títí dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Mógàjí agboolé wo ni ọmọ rẹ fẹ́ jẹ nígbà tí agboolé ti di ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà?

Àwọn ará Èkó kan náà tí Ilojo Bar bọ́ lọ́wọ́ wọn ti ṣe àwọn tó dáa tí a lè wò. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ṣì wà, nítorí pé wọ́n ń kírun nínú rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street, tí òyìnbó kọ́ láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe wá bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sọ ọ́ di Freedom Park ní 2010. Lónìí eré orí ìtàgé àti orin ń lọ níbi tí wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́. Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, Jaekel House tí àwọn rélùwéè kọ́ ní 1898 ti fẹ́ wó tán kí ẹgbẹ́ Legacy tó bá wọn tún un ṣe, wọ́n kó nǹkan ìrántí ọkọ̀ ojú irin sínú rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n kàn tì pa pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ni wọ́n fún gbogbo wọn.

Ohun tí mo ń sọ nìyẹn nípa Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Ibẹ̀ kì í ṣe abúlé tó dá páropáro, ọjà ni. Ọjọ́ wo ni Ọjà'ba kò kún? Bí ẹbí bá fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ṣe ṣọ́ọ̀bù, ohun tí àwọn bàbá wa ṣe nígbà tiwọn nìyẹn, wọ́n ń kó ẹrù sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń sùn lókè. Owó ìyá yẹn, kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún pàánù. Àwọn ilé tó ti kọjá àtúnṣe náà wà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹ rántí omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ẹ rántí ti oṣù kẹjọ 2011. Ilé tó wà lójú omi, tí ògiri rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n kó ènìyàn inú rẹ̀ kúrò. Ẹ̀mí ju ògiri lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó o, kí ẹnì kan wọn yàrá rẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, kí ó bi àwọn àgbà pé ta ló gbé yàrá wo.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀. A ní ẹnjiníà nínú kíláàsì wa, a ní àwọn tó ń ya pláànù ilé. Ṣé ẹ lè fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí á máa lọ sí agboolé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, kí ẹ wo òrùlé, kí ẹ kan ògiri bí bàbá bíríkìlà yẹn ti kàn án, kí ẹ sọ fún wọn ohun tó le dúró àti ohun tí kò lè dúró? Ẹ̀yin lọ́yà, kí ẹ bá àwọn ẹbí kọ ìwé àdéhùn tí yóò sọ ẹni tó ń gba owó ìyá àti ohun tí owó náà wà fún. Ẹ̀yin ti òkè òkun, kí ẹ tó fowó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí pàánù jẹ́. Tiwa ní Bẹ́yẹrúnká, ẹbí ti gbà pé kí pàánù ṣíwájú. Àtúnṣe ẹ̀yìn ilé ṣì wà lórí àríyànjiyàn, ẹnì méjì kò tíì san ìdáwó wọn, n ò ní dárúkọ wọn níbí torí ọ̀kan ń bẹ nínú gbọ̀ngán yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa ní ìtàn, a ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá bá yín nílé. Ẹ máa rántí díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ dè wá.

Gbogbo yín tẹ́ ẹ ní fọ́tò àtijọ́, èyí tí wọ́n yà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú, tí ògiri àti fèrèsé hàn lẹ́yìn, ẹ kó wọn bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Akọ̀wé yóò ya ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì dá ti yín padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ orúkọ agboolé àti ti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o, torí bírò máa ń là á kọjá sí iwájú.